Irú Àdúrà Wo Lẹ Ń Gbà Lórí Ọtí Yìí?

Àwa mọ ohun tí àgbà ń sọ tó bá gbé ife ọtí lọ́wọ́ níbi ìkómọ: ẹ̀mí gígùn, àlàáfíà, ọmọ rere. Ti àwọn ọ̀gá ológun ojú omi Ìlú Ọba kò rí bẹ́ẹ̀ o! Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan lọ́sẹ̀ ló ní àdúrà orí ọtí tirẹ̀ nínú ọkọ̀ wọn. Tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá jẹun alẹ́ tán ní Sátidé, tí wáìnì ti yí tábìlì po, ọ̀kan nínú wọn á gbé ife sókè, á ní, “Ó di ti àwọn ìyàwó àtàwọn olólùfẹ́ wa.” Ó dùn-ún gbọ́, àbí? Ẹ mú sùúrù. Èyí tó kéré jù lọ́jọ́ orí láàárín wọn ló máa ń dá a lóhùn pé, “Kí wọ́n má pàdé láéláé!”

Háà! Kí ta ni má pàdé ta ni? Ẹni tó ní ìyàwó kan ṣoṣo nílé, ìpàdé wo ló ń bà á lẹ́rù? Wọ́n ní àwàdà ni. Àwàdà tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní àlè yíyàn!

Ẹni tó bá rò pé mo ń ṣe àbùmọ́, kó wo Nelson, akọni ológun ojú omi wọn tí wọ́n gbé ère rẹ̀ sórí òpó gíga láàárín London. Ọdún 1787 ló gbé Frances Nisbet níyàwó. Ó dé Naples, ó lọ kó sọ́wọ́ Emma, aya Sir William Hamilton, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Aya ọlọ́kọ! Nígbà tó di November 1800, ó kó tọkọtaya náà bọ̀ wá sí London, àfi gbà-á, ìyàwó àti àlè pàdé ní òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n sì jọ jẹun. Oyún ti yọ gẹ̀ǹgẹ̀ lára Emma! Baba Nelson, àlùfáà ìjọ, wà lórí ìjókòó. Sir William ń kọ́? Òun náà ń jẹun ní tirẹ̀. Irú ọkọ wo nìyẹn? Ní January 1801, Emma bí Horatia. Ṣé ẹ mọ̀ pé nínú lẹ́tà tí Nelson ń kọ sí i, ṣe ló ń díbọ́n pé atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Thompson ló ń bá kọ̀wé sí ìyàwó ẹ̀? Bí Nelson àti Frances ṣe pínyà nìyẹn. Àwọn mẹ́ta yòókù wá jọ ń gbé inú ilé kan ní Merton. Kì í ṣe Nelson ló dá àdúrà yẹn sílẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ ò rí i pé ó yé e?

Àdúrà orí ọtí ti Ọjọ́bọ̀ ló wá pa mí lẹ́nu mọ́. “Ogun ẹlẹ́jẹ̀ tàbí àsìkò àìsàn!” Ẹ̀yin ará, wọ́n ń mu ọtí sí ikú ẹlẹgbẹ́ wọn! Láyé ìgbà yẹn, ó dìgbà tí ọ̀gá bá kú kí ọmọ iṣẹ́ tó rí ipò gbà, ni wọ́n bá ń tọrọ ọta ìbọn àti ibà.

Ní 2013, ojú wá tì wọ́n díẹ̀. Obìnrin ti ń bá wọn lọ sójú òkun láti 1990, tó fi jẹ́ pé abilékọ ń gbé ife sókè fún “àwọn ìyàwó wa”! Wọ́n pa ti Sátidé rẹ́, wọ́n fi “àwọn ẹbí wa” dípò. Wọ́n tún ti Túsìdeè ṣe, “àwọn ọkùnrin wa” di “àwọn atukọ̀ wa.”

Ti Ọjọ́bọ̀ ńkọ́? Wọn ò fọwọ́ kàn án. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ológun ojú omi lọ́hùn-ún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é lórí fóònù, kẹ́ ẹ bi í léèrè ohun tó ń ṣe àmín sí.