Aníyàwólápó: Ẹjọ́ Sàró Kò Tíì Parí ní Ìlọrin

Láti ọjọ́ 30, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2022 tí Netflix ti gbé fíìmù Aníkúlápó, ìtàn Sàró ahunṣọ àti Arólákẹ́ olólùfẹ́ rẹ̀, jáde, ilé tọkọtaya míì ò tíì fara rọ ní Ìlọrin. Ọkọ ní Arólákẹ́ ló dalẹ̀. Ìyàwó ní irọ́ ni, Sàró ni. Ìyá ọkọ tó wá kí wọn láti Òkè-Lélé ní àwọn méjèèjì ni, àmọ́ kí wọ́n jọ̀ọ́ dá a padà síbi tí ọmọkùnrin náà ti bọ́ṣọ, torí ojú òun ṣe bàìbàì níbẹ̀ yẹn.

Àwọn ahunṣọ wa ló kọ́kọ́ fapá jánú. Wọ́n ní ahunṣọ wo nìyẹn? Nínú fíìmù tó gba wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 22, aṣọ òfì tí Sàró hun ò tó rán fìlà. Obìnrin tó kó mọ́ra ló tó rán agbádá, tí yóò tún ṣẹ́ kù fún gèlè. Ẹ̀gbọ́n Kúnlé Afọláyan, olùdarí fíìmù náà, ọmọ Agbamu ní Kwárà wa níbí, ẹ̀yin lẹ mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí irú oníṣẹ́ ọwọ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ìlọrin, ẹni tó bá jókòó ti òfì, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ráyè rìn.

Ẹ sì wo oríire tí ọmọ yìí ní! Ó dé Ọ̀yọ́ tòun ti ebi, Awárùn gbà á. Àǹtí Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé tó ṣe Awárùn fún un níbùgbé, ó fún un lóúnjẹ, ó tún fún un ní ohun tí n kò lè kọ síbí, torí àwọn alfa ń ka ìwé yìí. Kí ni Sàró ṣe? Ó fi olówó sílẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ Arólákẹ́, ìyàwó olówó, lọ. Ọkọ ọ̀hún kì í sì ṣe mẹkáníìkì o, Aláàfin ni! Òṣèré Ògògó ni wọ́n fi ṣe Aláàfin náà, ẹni tó bá wo olè lẹ́ẹ̀kan, olè á dá ẹrù padà, á tún san owó ọkọ̀. Wọ́n pa Sàró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pàtẹ́wọ́. Ẹyẹ Àkàlà ló bà á jẹ́: àdó rẹ̀ ni Arólákẹ́ fi jí Sàró dìde.

Àwọn ọkùnrin tó ń bú Sàró jù ni mo máa ń wò tìfura-tìfura. Alhaji á jókòó sínú pálọ̀, á máa pariwo "Aláìmoore! Obìnrin tó jí ọ dìde nínú ikú!" Fóònù Alhaji sì rèé lórí tábìlì, ó dojú dé, ó ń gbọ̀n jìnnìjìnnì. Ta ló ń pe Alhaji láago mọ́kànlá òru? Wọ́n ní òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ iná mànàmáná ni. Nígbà tí iná ò sí!

Àwọn ọmọ Tánkẹ ní Ìlọrin tí kò gbọ́ Yorùbá dáadáa ńkọ́? Netflix ka Aníkúlápó mọ́ àwọn fíìmù tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì, ó dáa bẹ́ẹ̀. Òyìnbó ń ka àkọlé abẹ́ fíìmù, a ò bá a jà, èdè àjèjì ni lójú tirẹ̀. Àmọ́ ọmọ tí wọ́n bí sí Pákátà, tó ń jẹ Láwàl, ń ka Gẹ̀ẹ́sì abẹ́ fíìmù kó tó mọ ohun tí olorì sọ fún olorì! Bí wọ́n bá pa òwe, á ní kí wọ́n dá a dúró.

Ìgbìmọ̀ tó ń yan fíìmù Nàìjíríà fún Oscar tún wá fi iyọ̀ sójú egbò lọ́dún 2022 yẹn kan náà. Fíìmù Yorùbá mẹ́ta dé iwájú wọn: Aníkúlápó, Elesin Oba, àti King of Thieves ti Fẹ́mi Adébáyọ̀, ọmọ Ìlọrin pọ́ńbélé. (Àwa ń gẹṣin lọ kí Ẹ́míà, òun ń fi ẹṣin jalè nínú fíìmù.) Ìgbìmọ̀ dìbò, wọ́n ní kò sí èyí tó yẹ. Àdó Àkàlà tó jí òkú dìde ò rí ti ìyẹn ṣe.

Àwọn kan ní Aníkúlápó gùn jù, ó ń fà. Àwọn yìí kan náà ló búra pé àwọn ò ní wo òmíì mọ́. Nígbà tí Rise of the Spectre, àtẹ̀lé Aníkúlápó, dé ní oṣù Kẹta, ọdún 2024, àwọn ló fi ìtàn rẹ̀ dá wa lóorun kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ìdájọ́ tèmi rèé. Sàró jẹ̀bi. Kò sí àgbàwí fún ẹni tí obìnrin jí dìde, tó wá ń fi àjíǹde fẹ́yàwó, títí tó fi ní àfi kí ọba ìlú míì fún òun lọ́mọbìnrin rẹ̀. Arólákẹ́ náà jẹ̀bi, àmọ́ torí pé ìyàwó mi ń ka èyí láti ẹ̀yìn mi, ẹ jẹ́ ká sọ pé ó jẹ̀bi díẹ̀. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n ṣẹ̀ tí kò ṣẹ̀ wọ́n ni Àkàlà. Ẹyẹ ẹlẹ́yẹ wá ṣiṣẹ́ ìtọrẹ, wọ́n jí àdó rẹ̀ gbé, títí dòní kò sẹ́ni tó bá a lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá.

Bí ìdájọ́ yìí ò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lọ tún fíìmù náà wò, kẹ́ ẹ sì fi owó ara yín san Netflix lọ́tẹ̀ yìí. Ẹ fi ti àbúrò ìyàwó yín sílẹ̀.