Oríkì Agunkẹ̀kẹ́ Tó Gbẹ̀yìn

Ẹ yà lọ́nà, ẹ jẹ́ kí ọ̀gá kọjá!
Ajíṣáájú-ládàánì, ọmọ Súrùlérè,
Adé-akoto-kó-tó-bọ́jú.
Wọ́n ka ẹni mẹ́ta àkọ́kọ́, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀,
wọ́n ka ogún, a ò gbọ́ orúkọ rẹ̀,
wọ́n ka gbogbo wọn tán porogodo,
ẹ bojú wẹ̀yìn, òun ló ń bọ̀ yẹn.
Èrò ẹ̀yìn tí kì í sọnù!

Gbogbo àdúgbò ló ti ki ọ̀rẹ́ mi yìí kí n tó kì í. Ní Ìtirè Road, àwọn ọmọdé á sáré tẹ̀lé e, wọ́n á máa pariwo, "Bọ̀dá oníkẹ̀kẹ́, ẹ gbé wa!" Kọ̀ńdọ̀ dánfó á yọrí síta ní Ojúẹlẹ́gba, á ní, "Ọ̀gá, ṣé mọ́tò yín ti kọṣẹ́ ni?" Ìyá alákàrà kan wo ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn nítan, ó káàánú rẹ̀ tọkàntọkàn, ó ní Ọlọ́run á pèsè ọkọ̀. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi í ṣe. Èmi kó yẹ̀yẹ́ náà jọ, mo fi ń kì í, nítorí kò sí ọ̀kan nínú rẹ̀ tí kò tó ohun tí èèyàn lè fi yangàn.

Kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ohun ìtìjú nílẹ̀ Yorùbá tẹ́lẹ̀. Láyé tí kòkó ń lówó lórí, àgbẹ̀ tó bá ta kòkó tó fi ra Raleigh, èyí tí wọ́n ń ṣe ní Nottingham nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn rẹ̀ á kárí abúlé. Tíṣà ló ń gùn ún, akọ̀wé ló ń gùn ún. Bí agogo iwájú rẹ̀ bá ti dún, àwọn èèyàn á ti mọ̀ pé ẹni pàtàkì ń bọ̀. Ìgbà tí mọ́tò pọ̀, tí ọ̀kadà sì dé, la wá sọ ọ́ di ti ẹni tí kò rí nǹkan ṣe. Nítorí náà, ẹni tí mò ń kì yìí kò já láti orí mọ́tò. Ohun tí àwọn bàbá rẹ̀ fi ń ṣe fáàrí ló lọ gbé padà.

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ló ń jáde, nítorí bí dánfó bá ti jí, ọ̀nà ti bàjẹ́ nìyẹn. Ọjọ́ iṣẹ́ ni o, aago mẹ́jọ sì gbọ́dọ̀ bá a lọ́fíìsì ní Yábàá, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n lọ̀ dáadáa. Láti Bode Thomas á bọ́ sí Adéníran Ògúnsànyà, á gba ẹ̀gbẹ́ National Stadium, pápá tí gbogbo Áfíríkà péjọ sí fún eré ìdárayá ní oṣù kìíní ọdún 1973, á wá bọ́ sí Funsho Williams tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní Western Avenue, á forí lé Ìjọ́rà. Ilẹ̀ Mainland tẹ́ pẹrẹsẹ. Ará Ìbàdàn ní òkè, ará Abẹ́òkúta ní òkè, ará Èkìtì ní tiwọn tí kò lónkà. Afárá làwa ní. Á gun Eko Bridge, á yí padà, á tún un gùn, títí itan rẹ̀ á fi máa gbọ̀n tí òógùn á máa kán sórí hándù.

Ará ilẹ̀ títẹ́ tó sọ afárá dòkè,
Agùnlọ-agùnbọ̀ tí kò yà nílé ẹnikẹ́ni,
Alágbàṣe tí kì í gbowó iṣẹ́,
òun ló ń sanwó kí wọ́n tó jẹ́ kó ṣe é!

Àárọ̀ Sunday ni ti Third Mainland. Afárá náà, tí wọ́n parí lọ́dún 1990, fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12 láti Ọwọ́rọ̀nṣòkí dé Adéníjì Adélé, ó sì ní ẹsẹ̀ kan tó yà sí Adékúnlé ní Yábàá. Ẹ̀fúùfù ọ̀sà kì í sùn níbẹ̀. Ohun tí awakọ̀ kì í kà sí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyẹn àwọn ojú ìsopọ̀ afárá, àlàfo tí wọ́n fi irin sí kí kọnkéré lè ráyè nà nígbà tí oòrùn bá mú. Láti oṣù keje ọdún 2020 títí di oṣù kejì ọdún 2021 ni wọ́n ń dí apá kan afárá náà kí wọ́n lè pààrọ̀ wọn. Táyà mọ́tò fẹ̀, á gbà á kọjá. Táyà kẹ̀kẹ́ eré tín-ín-rín, ó lè ki bọ inú irin, kí ẹni tó wà lórí rẹ̀ sì fò lọ.

Ẹ wá wo bí ọ̀rẹ́ mi ṣe ń ṣe é. Bó bá ti kù díẹ̀ kó débẹ̀, á dáwọ́ wíwà dúró, ẹsẹ̀ ọ̀tún àti tòsì á dọ́gba. Á gbé ìdí kúrò lórí ìjókòó, á dẹ ìgúnpá, á wá fa hándù sókè wẹ́rẹ́, débi pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò ní rí i. Táyà iwájú kọjá, tàì! Tẹ̀yìn tẹ̀lé e, tàì! Ó jókòó padà, ó ń wà á lọ. Mo ti rí àwọn tó gba ife ẹ̀yẹ tí wọn kò mọ̀ ọ́n ṣe tó báyìí.

Kí ló wá dé tó fi ń gbẹ̀yìn? Mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín gbọ́ ìdí rẹ̀. Ẹ̀fúùfù lọ̀tá nínú eré kẹ̀kẹ́. Bí èèyàn bá ti ń sáré tó kìlómítà 40 ní wákàtí kan lórí ilẹ̀ títẹ́, ẹ̀fúùfù ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára rẹ̀. Ẹni tó bá fara mọ́ ẹ̀yìn ẹlòmíràn, tí táyà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ti ẹni iwájú, lè dín nǹkan bí ìdá mẹ́ta iṣẹ́ náà kù. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọlọ́gbọ́n fi ń sá pamọ́ sẹ́yìn títí eré á fi kù díẹ̀ kó parí, kí wọ́n tó fò yọ. Ọ̀rẹ́ mi mọ ọgbọ́n yìí, kò kàn wù ú ni. Bó bá rí ọmọkùnrin kan láti Mùṣín tó ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, á kọjá síwájú rẹ̀, á ju ọwọ́ sẹ́yìn, á ní, "Dúró sẹ́yìn mi." Á fà á, á fà á, títí ọmọ náà á fi rí èémí rẹ̀ mú. Nígbà tí àwọn tó kù bá bẹ́ sí eré àsáparí, ọmọ yẹn á bá wọn bẹ́. Ẹni tó fà á dé ibẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ mọ́.

Afàyàgbẹ̀fúùfù fún ẹni tí yóò já a sílẹ̀,
Ògiri tó ń rìn,
ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sá sí, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n gbà lọ.
Wọ́n bá a pín òógùn,
wọn ò bá a pín fọ́tò.

Ó ní ẹlẹgbẹ́ lókè òkun. Nínú Tour de France, eré tó ti wà láti ọdún 1903, ẹni tó bá gbẹ̀yìn ní oyè tirẹ̀, lanterne rouge, látara iná pupa tí wọ́n ń fi kọ́ ìdí ọkọ̀ ojú irin. Wim Vansevenant, ará Bẹ́ljíọ̀mù, jẹ oyè náà lẹ́ẹ̀mẹta léraléra, ní 2006, 2007 àti 2008. Ṣé ọ̀lẹ ni? Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó padà sẹ́yìn lọ gbé omi wá fún olórí ẹgbẹ́ rẹ̀, kó sì gba ẹ̀fúùfù fún un. Olórí náà, Cadel Evans ará Ọsirélíà, ṣe ipò kejì ní 2007 àti 2008, àkókò tó yà á sọ́tọ̀ sí ẹni tó gba ipò kìíní kò sì tó ìṣẹ́jú kan. Ta ni kò mọ Evans? Ta ló mọ ẹni tó gbé omi?

Oúnjẹ rẹ̀ náà wọ oríkì. Ohun tí ara kó pamọ́ sínú iṣan lè gbé ẹni tó ń sáré gidi fún wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì, lẹ́yìn náà ojú á ṣú. Àwọn tó lówó ń fa oúnjẹ dídùn kíki inú ọ̀rá tí wọ́n fi dọ́là rà. Dòdò Ìkirè ló wà lẹ́yìn jésì tirẹ̀, nínú ewé, pẹ̀lú ìlàjì búrẹ́dì Agége. Lórí eré, á fi ọwọ́ kan tú ewé náà, á ju dòdò sẹ́nu, ata á ta á, epo á sì fa ìlà pupa sí ẹ̀yìn jésì funfun. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ títí, ìlà náà ò lọ. Ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tòkúnbọ̀ ni. Láti ìgbà tí náírà ti já wálẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ṣéènì kan ti di ohun tí a ń fi ọ̀sẹ̀ ronú lé lórí. Ládìpọ̀ ní Mùṣín ní ẹ̀yà gbogbo mọ́tò tí Japan ṣe, ṣùgbọ́n ẹ kò ní í rí gíà kẹ̀kẹ́ eré níbẹ̀. Nígbà tí Ese Ukpeseraye ṣojú Nàìjíríà ní Òlíńpíìkì Paris lọ́dún 2024, tí wọ́n ṣàdédé fún un láyè nínú eré orí pápá, kẹ̀kẹ́ àwọn ará Jámánì ló yá gùn. Àwọn kan fi ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi ò rẹ́rìn-ín, ó mọ ohun tó ń náni. Lọ́dún yẹn kan náà, Biniam Girmay, ọmọ Ẹritíríà, borí ní ọjọ́ mẹ́ta nínú Tour de France, ó sì gba aṣọ àwọ̀ ewé, ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á. Ọ̀rẹ́ mi pariwo débi tí onílé fi wá kanlẹ̀kùn. Nígbà tó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, tí ìdíje àgbáyé ti kẹ̀kẹ́ ojú títì wá sí Kigali ní Rùwáńdà, ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀ lórí ilẹ̀ Áfíríkà, títì ibẹ̀ ló ń wò lórí fóònù ju àwọn agunkẹ̀kẹ́ lọ. "Wo bó ṣe dán," ló ń sọ ṣáá. "Wo bó ṣe dán."

Ibi tí inú mi ti ń bàjẹ́ nìyẹn. Láti Ojúẹlẹ́gba gba Ìdí-Òro dé Mùṣín, kò sí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ọkọ̀ BRT ti ní ọ̀nà tirẹ̀ lórí Ìkòròdú Road láti ọdún 2008, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ńkọ́? Àárín gọ́tà tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù àti ilẹ̀kùn dánfó tó lè ṣí nígbàkígbà ni wọ́n fi í sí. Ilé ìwòsàn eegun ní Ìgbóbì, tó ti wà láti àsìkò Ogun Àgbáyé Kejì, kò jìnnà sí wa, àwọn agunkẹ̀kẹ́ Mainland sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa. Eegun tó so àyà mọ́ èjìká ló sábà máa ń dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń wa mọ́tò, mo bẹ̀ yín, ẹ fún un láyè tó ìwọ̀n apá àgbàlagbà bí ẹ bá ń kọjá. Kò ju ìdáwọ́dúró díẹ̀ lọ. Ó ní ọmọ nílé.

Àwọn tó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ti ń dín kù. Ìjọba Èkó lé ọ̀kadà kúrò ní Súrùlérè àti Lagos Mainland ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ó kan Mùṣín ní oṣù kẹsàn-án. Owó epo wá fò sókè ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn aládùúgbò ń rọra wá bá a ní kọ̀rọ̀: "Ẹ̀gbọ́n, eélòó ni wọ́n ń ta irú èyí?" Kò rán wọn létí ohun tí wọ́n ti sọ rí. Ó bá ẹni kan lọ rà á, ó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń so ṣéènì tó já, ó sì ní kó má gun ojú títì láìní iná lẹ́yìn.

Aṣeni-lóore-láìwẹ̀yìn,
Olùkọ́ tí kò ní ilé ẹ̀kọ́,
ẹni tí ìdajì àwọn tó ń borí rẹ̀
kọ́ eré lọ́wọ́ rẹ̀!

Lọ́jọ́ eré, èmi ni mo máa ń dúró ti tábìlì ibi ìparí. Àwọn tó borí á ti ya fọ́tò tán, wọ́n á ti jẹ ìrẹsì, àwọn kan á ti gbé kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn ọkọ̀ lọ. Oòrùn á ti mú. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká aṣọ tábìlì, á ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ́ ká máa lọ, wọ́n ti dé tán."

"Ẹ má tíì ká a," ni mo máa ń sọ. "Ó ku ẹnì kan."

Wọ́n á tún àga tò, wọ́n á mí kanlẹ̀. Nígbà tó bá dé, tí mo sì ti já omi fún un, akọ̀wé kékeré tó wà níbẹ̀ máa ń bá a kẹ́dùn, á kọ "ó parí eré" síwájú orúkọ rẹ̀ kí ojú má tì í. Mo máa ń ní kó pa á rẹ́. Kó kọ àkókò rẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá, kó sì kọ ipò rẹ̀ gan-an sí i, ní gàdàgbà.