Bóòtù Nọ́ńbà 14

Sípánà ló tàn mí jẹ. Ọ̀kan nínú bóòtù méjì tó di alternator ọkọ̀ Toyota mi mú ti já bọ́ sójú títì. Mo kó sípánà jáde, mo ń fi wọ́n wọn orí èyí tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, títí 14 fi gbá a mú ṣinṣin. Ló bá parí! Mo gba ṣọ́ọ̀bù onírin lọ, mo ní, "Mà, ẹ bá mi mú bóòtù nọ́ńbà 14. Mílímítà ni o." Màmá wò mí, wọ́n wọlé, wọ́n gbé irin kan jáde tó tó fi de géètì ẹ̀wọ̀n. "14 tí ẹ ní nìyí."

Ẹ̀yin ará, orí bóòtù ni sípánà ń wọ̀n, kò mọ ọ̀pá. Lára ọkọ̀ Japan, èyí tí sípánà 14 ń tú, M10 ni: ọ̀pá rẹ̀ nípọn ní mílímítà 10. M8 wọn ń gba sípánà 12. Lọ́dọ̀ àwọn ará Jámánì, M10 yìí kan náà sábà máa ń gba 17, M8 sì ń gba 13. Mẹkáníìkì tó bá ní "bóòtù 14" mọ ohun tó ń sọ, torí ọkọ̀ Japan ló ń tú láti àárọ̀ dalẹ́. Èmi ni mi ò mọ ohun tí mò ń wí.

Mo gba M10, mo sáré délé. Ó wọlé díẹ̀, ó há. Mo ní ihò ló dípẹtà. Mo da ọ́ìlì sí i. Kò gbọ́. Mo wá ki páìpù bọ ìdí sípánà kó lè gùn, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́. Ó ń yí! Nǹkan wínníwínní ń dán, ó ń já bọ́ sílẹ̀, inú mi ń dùn pé ìpẹtà ń jáde. Ìpẹtà wo ló ń dán? Eyín ihò alumíníọ́mù ni mò ń rún. Nígbà tó yá, bóòtù fúyẹ́, ó ń yí lásán.

Mẹkáníìkì mi kò bú mi. Ó gba bóòtù náà, ó fi eyín rẹ̀ ti eyín ojúlówó, ó gbé méjèèjì sókè síbi tí oòrùn wà. Eyín àkọ́kọ́ bára mu. Lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn. Láti eyín kan sí èkejì, ti Toyota jẹ́ mílímítà 1.25; èyí tí wọ́n ń tà fún iṣẹ́ géètì jẹ́ 1.5. Bí a bá yí i lẹ́ẹ̀mẹrin, wọ́n ti fi odidi mílímítà kan ya ara wọn.

"Ọ̀gá, ìka lẹ ó kọ́kọ́ fi yí i. Tí ìka ò bá lè yí i wọlé, ẹ má wulẹ̀ mú sípánà."

Ó fẹ ihò náà lójú, ó gé eyín M12 sí i. Ni alternator mi bá di ẹni tó ń gba sípánà 14 lápá kan, 17 lápá kejì. Mẹkáníìkì mìíràn tó bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì máa ń pòṣé, á ní ta ló ṣe iṣẹ́ ọ̀bùn yìí. Mo máa ń ní bó ṣe wà nìyẹn nígbà tí mo rà á.