Ẹ̀kán Ọ̀dà Kan ní Beyerúnká

Ẹni tó bá ti gba firídọ́ọ̀mù rí mọ bí orí ṣe ń wú. Kí ọ̀dà tó gbẹ lára sáìnbọ́ọ̀dù tí mo fi polówó ara mi ní Bẹẹrẹ n'Ìbàdàn, mo ti ń jẹ́ àátíìsì àgbà. Ọwọ́ mi mọ búrọ́ọ̀ṣì lò lóòótọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni wàhálà mi.

Ìdílé kan ní Beyerúnká ló fún mi níṣẹ́ gidi àkọ́kọ́. Àwọn gbájúẹ̀ ń ta ilé onílé kiri ìgboro, làwọn náà bá ní kí n kọ tiwọn sára ògiri. Ẹ ti rí irú rẹ̀ jákèjádò Nàìjíríà: THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. Èyí kò tó wọn. Wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ilé àwọn bàbá àwọn ni. Bàbá méjì ni o, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n jọ kọ́ ilé náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Gbọ̀ngàn Mápó ní 1929. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé méjì ni wọ́n.

Mo gun àkàbà, mo kọ ọ́ gàdàgbà: THIS HOUSE IS OUR FATHERS. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo wò ó, ó wù mí. Bàbá Tíṣà, àgbà ilé náà tó ti fẹ̀yìn tì, jáde wá kà á.

“Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ilé yìí ló bí wa ni?”

Wọ́n ní kí n fi apọ́sítírófì sí i. Ta ni kò mọ ìyẹn? Ṣebí òun ló wà láàárín Ọjà'ba! Mo tún gùn ún, mo kán ọ̀dà díẹ̀ sáàárín R àti S: OUR FATHER'S.

“O ti sọ ọ́ di ti bàbá kan ṣoṣo,” ni Bàbá Tíṣà wí, ohùn wọn sì lọ sókè jù.

“Bàbá wo?” làwọn ọmọ àbúrò bi.

“Tiwa ni,” làwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n dáhùn, ẹ̀rín ń bọ́ lẹ́nu wọn.

Ká tó ṣẹ́jú, fìlà ti ń fò. Ẹnì kan ti ń dárúkọ kóòtù ìbílẹ̀ Mápó. Bàbá Tíṣà kọjú sí mi: Olóyè Olúwa ti Èkó gbé ẹjọ́ ilẹ̀ dé Lọ́ńdọ̀nù, ó sì jàre ní 1921, èmi wá fẹ́ fi ẹ̀kán ọ̀dà kan gba ilé lọ́wọ́ ìdajì ìdílé.

Mo pa á rẹ́, mo gbé e sẹ́yìn S. Bàbá di méjì, fìlà padà sórí. Bàbá Tíṣà ṣàlàyé pé àwa ní “ti”, a ń sọ pé ti àwọn bàbá wa ni. Òyìnbó ní tiwọn gbé “ilé” mì, wọ́n fi àmì sẹ́yìn S. Wọ́n ní bákan náà ni a friend of our fathers'.

Àlàyé yẹn yé mi ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí mo dé ìlà kejì, n kò dúró kí ẹnikẹ́ni kọ́ mi: BY ORDER OF OUR FATHERS'.

“Àṣẹ ti kí ni àwọn bàbá wa? Ti ajá wọn?”

“Ẹ̀yin náà lẹ fi sí ti ọ̀rẹ́, sà.”

Wọ́n ní ọ̀rẹ́ yẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ wọn ni. Àṣẹ ní tiẹ̀, ẹnu àwọn bàbá gan-an ló ti jáde. Mo ní ó ti yé mi, sà. Irọ́ ni. Kò tíì yé mi dòní.

Kẹrosíìnì tí mo fi ń nu ògiri ti sọ ọ́ di ohun tí Adégòkè Adélabú, ọmọ Ìbàdàn tó kú ní 1958, ń pè ní peculiar mess, táwọn èèyàn sọ di pẹ́ńkẹ́lẹ́mẹ́ẹ̀sì. Mọ́gàjí, olórí ìdílé náà, ni ọ̀rọ̀ náà sú. Wọ́n ní kí n pa gbogbo Gẹ̀ẹ́sì náà rẹ́, kí n kọ ọ́ ní èdè tí ìyá mi bí mi sí.

Inú mi dùn dé ẹsẹ̀. Níbi iṣẹ́ tiwa, iye lẹ́tà la fi ń gbowó. Kò sẹ́ni tó ń sanwó àmì ohùn. Mo kọ ọ́ báyìí: ILE AWON BABA WA NI. A O TA A.

Kí wọ́n tó kírun àsárì, ajẹ́ńtì méjì ti ń kan ilẹ̀kùn Mọ́gàjí. Wọ́n ní àwọn rí i lára ògiri pé a ó tà á, èló ni jálẹ̀?