Ẹ Bi Bọ̀ọ̀dá Sùúrù: Ọ̀rọ̀ Àpò Má-jẹ-mí

Sùúrù ni orúkọ mi, kò tíì lérè. Lẹ́tà méjìlá ló dé lọ́sẹ̀ yìí. Mẹ́fà ń béèrè owó. Mo ti fi wọ́n dí ihò tí òjò ń gbà wọlé sí ọ́fíìsì mi. Ọ̀kan jẹ́ ewì ìfẹ́. Mo dá a padà fún ẹni tó kọ ọ́, pẹ̀lú àánú. Bàbá kan ní Àgùdà fẹ́ mọ ohun tí yóò mú kí lánlọ́ọ̀dù tún òrùlé tó ń jò ṣe: ẹ pe ìyàwó rẹ̀ wá jókòó sábẹ́ ibẹ̀, kó wé gèlè tuntun wá. Ó tán.

Mẹ́rin tó kù, ọ̀rọ̀ omi ni. Kò yà mí lẹ́nu. Nígbà òjò, Èkó a máa rin ẹni tí kò tilẹ̀ jáde nílé gbindin.

*Ọkọ mi ra bàtà ní Tẹ́júoṣó. Mo bá àpò funfun kékeré nínú rẹ̀, ó ń dún ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀. Wòlíì ní iṣẹ́ ayé ni. — Ìyàwó Tí Kò Sùn, Sùúrùlérè*

Ṣé wòlíì yín kì í wọ bàtà ni? Ìyẹn ni kò jẹ́ kó mọ ohun tó ń gbé inú páálí bàtà. Sílíkà jẹ́ẹ̀lì ni, èyí tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé kí a má jẹ. Walter Patrick ti Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà ló gba ìwé àṣẹ lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní 1919. Òun àti ọkọ yín kò sì jà rí. Iṣẹ́ sílíkà ni kó fa ọ̀rinrin mọ́ra kí bàtà má baà bu lójú òkun.

Ẹ̀yà yanrìn ni, ṣùgbọ́n ihò tíntìntín tí ojú kò lè rí ló kún inú hóró rẹ̀, ara ihò wọ̀nyẹn ni omi ń lẹ̀ mọ́. Bí a bá lè tẹ́ ara ihò inú gíráàmù kan péré sílẹ̀, ó lè ju mítà onígun mẹ́rin 700 lọ. Pílọ́ọ̀tì kan l'Ékòó, ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120, kò tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bí ọmọ onílẹ̀ bá gbọ́, wọ́n á wá gba owó fáúndéṣàn lórí bàtà ọkọ yín.

*Fóònù mi já sómi l'Ójúẹlẹ́gba. Ó ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú ìrẹsì, kò tàn. — Aláìgbọ́hùn*

Ìrẹsì kò mọ̀ ju ọbẹ̀ lọ. Ní 2024, ilé-iṣẹ́ Apple pàápàá ní kí àwọn oníbàárà òun má ri fóònù tó já sómi mọ́ ìrẹsì mọ́, torí ẹ̀rún rẹ̀ lè ba inú fóònù jẹ́. Má fi iná sí i, gbé e lọ fún ẹni tó ń tún un ṣe. Bí o bá sì ti se ìrẹsì yẹn, má pè mí wá jẹun.

*Ọdún kẹtàlá rèé tí ọkọ mi ti lọ. Fọ́tò kan ṣoṣo ni èmi àti ẹ̀ jọ yà. Yàrá mi wà létí kánáàlì, ògiri ń làágùn. Mo to àpò má-jẹ-mí mẹ́wàá yí fọ́tò náà ká lórí tábìlì, síbẹ̀ ó ń bu. Funfun bí ẹfun ti gba èjìká rẹ̀, ó ń lọ sójú. — Ìyá Ìbejì, Múṣin*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìrọ́jú. N kò ní fi èyí ṣeré.

Lónìí, kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ jẹ́ kí ọmọ kan fi fóònù ya fọ́tò náà nínú ìmọ́lẹ̀, kó fi ránṣẹ́ sí ẹbí méjì tí ń gbé ibòmíràn. Lẹ́yìn náà, ẹ jẹ́ kó gbẹ níbi tí atẹ́gùn wà, kì í ṣe nínú oòrùn. Ẹ má fi aṣọ tútù nù ún.

Àpò yẹn kò já yín kulẹ̀. Ìta gbangba ni ẹ fi í sí. Gíráàmù 100 rẹ̀ kò lè gbà ju nǹkan bíi gíráàmù 40 omi lọ, bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé tọ̀sán-tòru. Kò lè gbẹ yàrá. Ohun tí a bá dé nìkan ló lè ṣọ́. Ẹ wá ike onídèérí tó lẹ̀ pinpin, ẹ fi bébà mímọ́ wé fọ́tò náà, kí ẹ sì kó àpò tuntun tì í, torí mẹ́wàá ìjọ́sí ti mu yó. A lè yan hóró funfun nínú ààrò, bíi wákàtí méjì ní ìgbóná díkírì 120, kó tún máa ṣiṣẹ́. Èyí tó bá jẹ́ búlúù, tó ń di pupa rẹ́súrẹ́sú bó bá fa omi, ẹ má yan án nílé: kóbáláàtì inú rẹ̀ léwu. Funfun kì í ṣe májèlé, ṣùgbọ́n ó lè há ọmọdé lọ́fun. Ẹ gbé e sókè.

Ẹ kọ̀wé sí mi bí ojú ọkọ yín bá yọ.

*Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní Yába. Ẹni tí mo ń fẹ́ ń fa gbogbo owó mi mu. Ṣé sílíkà lòun náà? — Àpò Gbígbẹ*

Rárá, má ba sílíkà lórúkọ jẹ́. Sílíkà gba ìdá 40 nínú 100 ìwọ̀n ara rẹ̀, ó yó, ó dákẹ́. Bí iná bá sì kàn án, á pọ gbogbo rẹ̀ padà. Fi iná kan tìrẹ wò, bóyá ṣéńjì ọkọ̀ á jáde. Títí dìgbà yẹn, dé àpamọ́wọ́ rẹ bí Ìyá Ìbejì yóò ṣe dé fọ́tò.

Mo ń lọ. Lẹ́tà mẹ́fà tí mo fi dí ihò yẹn ti ń jò.