Ilẹ̀ Tí Kò Ní Baba

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ohùn mi ò gbọdọ̀ jáde. Ẹ mọ ilẹ̀ ẹ̀yìn agboolé wa ní Ṣàngó níbí, tí táyà jíjẹrà àti páńpàsì kún bámúbámú? Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò ní àwọn fẹ́ ṣán an, kí wọ́n gbin igi àti koríko sí i, kọ́mọdé ríbi sáré, kágbà ríbi tayò. Ẹ̀rín pa mí! Láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ níbí, ilẹ̀ yẹn ò ní baba. Kí wọ́n ṣáà ṣán an tán ná, ọmọ onílẹ̀ mẹ́ta á ti dé, èyí tó kéré jù nínú wọn á sì mú ìwé bàbá ńlá rẹ̀ dání.

(Ẹ má sọ fún ọkọ mi o, òun náà ń da ìdọ̀tí síbẹ̀ lóru.)

Ibi tẹ́nikẹ́ni ò lè bá ìjọba jà lé lórí ni ọgbà ti máa ń rójú hù. Ẹ gbé ti ọgbà Agodi ní Ìbàdàn yẹ̀ wò. 1967 ni wọ́n dá a sílẹ̀, tẹranko tigi. Nígbà tí omíyalé odò Ògùnpa dé lóṣù kẹjọ ọdún 1980, ó kó ọgbà náà mọ́ra. Ìyá mi ní ọ̀nì ló yọ sígboro. Ìyá mi kúkú fẹ́ràn kí ìtàn dùn. 2014 ni wọ́n tó tún un ṣí. Ta ló fẹ́ bá odò dulẹ̀? Àmọ́ owó ni wọ́n ń gbà lẹ́nu géètì o! Ọgbà gbogbo ayé, a sì ń tọwọ́ bàpò ká tó wọ̀ ọ́.

Ti Èkó ló tún wá pani lẹ́rìn-ín jù. Ẹ̀wọ̀n Broad Street, tí Herbert Macaulay, ajìjàgbara nì, ti fi ẹ̀wọ̀n jura, ààtàn ló dà lẹ́yìn tí wọ́n wó o. Theo Lawson, ayàwòrán ilé, ló sọ ọ́ di Freedom Park, wọ́n sì ṣí i ní 2010. Ibi tí wọ́n ti ń yẹgi fúnni níjọ́sí, ibẹ̀ làwọn olórin ti ń kọrin báyìí. Ọmọ onílẹ̀ wo ló máa jáde wí pé ẹ̀wọ̀n ni ogún bàbá òun?

Mo ti sọ fáwọn ọ̀dọ́ àdúgbò wa kí wọ́n gba ìwé ní káńsù ná kí àdá tó kan koríko. Wọn ò gbọ́. Láàárọ̀ yìí ni mo rí láńlọ́ọ̀dù wa tó ń fẹsẹ̀ wọn ilẹ̀ náà, ó ń ka nǹkan sábẹ́ ètè. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o, kí lẹ̀ ń ṣe?" Ó ní dókítà ló ní kóun máa rìn.