Mọ́tò Ńkọ́?

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹ bá rí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún tó wọ ṣòkòtò tó fún mọ́ ọn lára pinpin, tó dé akoto, tó ń gun kẹ̀kẹ́ ológeere nínú òtútù àárọ̀ Sátidé, ẹ má wulẹ̀ káàánú rẹ̀. Dókítà ni, tàbí lọ́yà, tàbí ẹni tó ní ilé méjì. Mọ́tò rẹ̀ wà nílé, ó ń sinmi. Ní Ìlobùú, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, bí ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún bá gun kẹ̀kẹ́ kọjá lẹ́bàá ọjà, àwọn ìyá oníṣu á kọ́kọ́ dákẹ́, wọ́n á wo ara wọn lójú, lẹ́yìn náà ọ̀kan nínú wọn á béèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn: "Mọ́tò ńkọ́?"

Mo lẹ́nu lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí pé mo ń gun kẹ̀kẹ́ níbi méjèèjì. Ọmọ Ìlobùú ni mí. Bridgwater ní Somerset ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọjọ́ tí mi ò bá sì lọ síbi iṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ni mo máa ń gùn wọ inú ilẹ̀ àbàtà tí wọ́n ń pè ní Somerset Levels.

Ẹ má rò pé àwọn ènìyàn wa kórìíra kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Láyé àwọn bàbá wa, nígbà tí owó kòkó ń wọlé nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó bá ra Raleigh ti kúrò lẹ́gbẹ́ mẹ̀kúnnù. Láti Nottingham ni wọ́n ti ń kó o bọ̀. Ẹlòmíràn kì í já bébà tí wọ́n fi wé irin rẹ̀ nílé iṣẹ́, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé tuntun ni. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó láìsẹ́ǹsì lórí rẹ̀, ẹni tó bá sì lọ tọrọ ìyàwó pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ tó ń dán, àna kì í bi í ní ìbéèrè púpọ̀. Ìgbà tó yá, mọ́tò dé, ọ̀kadà dé, kẹ̀kẹ́ bá di ohun tí ọmọ ọlọ́mọ fi ń ru igi ìdáná. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó tà á fún wa ní tiwọn fara balẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí á kẹ́gàn rẹ̀ tán, wọ́n wá sọ ọ́ di ohun àmúṣọlá. Àwa tí a torí ọ̀làjú pa á tì, ọkọ̀ òfuurufú la wá wọ̀ lọ tún un gùn lọ́dọ̀ wọn.

Àwọn Levels yìí, ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́ pẹrẹṣẹ débi tí ojú ríran mọ. Bí òkun bá kún, omi rẹ̀ lè ga ju oko àwọn ará ibẹ̀ lọ. Wọ́n gbẹ́ kòtò omi tóóró-tóóró yí gbogbo oko ká láti fa omi kúrò, omi yìí náà ni ààlà. Odò Parrett ń ṣàn láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ ni òkun ń ti omi rẹ̀ padà sẹ́yìn, odò á wá máa sáré lọ sókè bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Èmi tí wọ́n bí sẹ́bàá odò Erinlẹ̀, tí mo mọ̀ pé Erinlẹ̀ ń lọ bá Ọ̀ṣun ni, tí kì í wẹ̀yìn, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo dúró, mo ń wo ẹni tí mo máa sá lọ sọ fún. Nílé, odò tó bá ń ṣàn padà sẹ́yìn, babaláwo la máa lọ bá. Níbẹ̀, wọ́n tẹ aago tó ń padà sínú ìwé, wọ́n ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n tún ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń pè ní Sweet Track. Ní 1970, níbi tí wọ́n ti ń wú ilẹ̀ dúdú tí wọ́n ń sá gbẹ, wọ́n kan pákó, wọ́n sì rí i pé afárá onípákó ni, tí àwọn ará àtijọ́ tò la àbàtà já. Àwọn onímọ̀ ka òrùka inú igi náà, wọ́n ní 3807 àti 3806 ṣáájú ìbí Jésù ni wọ́n gé e. Ọ̀nà onípákó, nínú ẹrẹ̀, ó lé ní 5,800 ọdún, pákó rẹ̀ ṣì wà. Mo rántí àwọn títì ọlọ́dà kan tí mo mọ̀ nílé, tí òjò ọdún kejì kì í bá lójú ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi wá orúkọ kọńtírákítọ̀ tó ṣe ti pákó yẹn.

Gígun kẹ̀kẹ́ níbẹ̀ ò nira. Kò sí òkè àfi gegele bíi Burrow Mump, tí àlàpà ṣọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ló ń báni jà. Ohun tó nira ni ìdákẹ́jẹ́. Nígbà ìwọ́wé, tí àwọn àgbẹ̀ bá gé igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fi ṣọgbà, ẹ̀gún á fọ́n sójú títì, á gún táyà. Bí táyà mi bá jò láàárín oko, àwọn màlúù ló máa ń wá yí mi ká, tí wọ́n á máa wò mí. Ẹlẹ́kẹ̀kẹ́ mìíràn á kọjá fìrì, á ní "Morning", ó ti lọ. Ó kí mi, ó bọ́ lọ́rùn rẹ̀.

Nílé ńkọ́? Láti Òṣogbo, mo gba Òkínní àti Erin-Ọ̀ṣun lọ sí Ìlobùú, kí n tó yọ sí Ìfọ́n-Ọ̀ṣun. Ìrìn tí kò ní ju wákàtí kan lọ ní Somerset ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ò lè kí àgbà. Bí mo bá ti rí bàbá kan lábẹ́ igi, ó di dandan kí n tẹ bíréèkì, kí n sọ̀kalẹ̀, kí n bọ́ akoto, kí n dọ̀bálẹ̀. Àgbà sì pọ̀ lójú ọ̀nà yẹn ju kòtò lọ, ẹni tó bá sì mọ kòtò ibẹ̀ á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá ni mo sọ. Ní Somerset, máìlì la fi ń mọ ibi tí a rìn dé. Láàárín Òkínní àti Ìlobùú, ìdọ̀bálẹ̀ ni. Ní Erin-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn àyàn, onídùńdún kan rí mi lókèèrè, ó sì ti fi ìlù ki mi tán kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ta ló máa gun kẹ̀kẹ́ kọjá oríkì ara rẹ̀ láì tọwọ́ bọ àpò? Ìyá àgbàlagbà kan wo ṣòkòtò mi tó fún yìí títí, ó wá rọra béèrè pé, "Ọmọ mi, ṣé ti inú ni àbí ti òde?"

Táyà mi náà jò níbẹ̀. Kò sí màlúù tó ráyè sún mọ́ mi. Ọmọdé dé, ọlọ́kadà dé, fọkanáísà dé, alákàrà gbé àkàrà wá. Gbogbo wọn ló mọ ohun tó ṣe táyà, kò sì sí méjì tí ọ̀rọ̀ wọn bára mu. Ṣùgbọ́n ẹnu wọn kò lórí ìbéèrè kan: "Bọ̀dá, mọ́tò ńkọ́?"

Kí n tó wọ Ìfọ́n, mo rántí Òrìṣà Olúfọ́n. Ìtàn sọ pé òrìṣà aláṣọ funfun yìí fẹ́ lọ kí Ṣàngó, Ifá ní kó má lọ. Nígbà tó taku, wọ́n ní kó mú aṣọ funfun mìíràn dání. Èṣù pàdé rẹ̀ lọ́nà, ó da epo pupa sí i lára, ó tún fi èédú kùn ún. Ẹni tó bá wọ funfun gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà yẹn lẹ́yìn òjò, tí tírélà kọjá lára rẹ̀, kò ní nílò Èṣù rárá. Láti ọjọ́ yẹn, aṣọ ìpààrọ̀ kì í wọ́n nínú báàgì mi.

Láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n, ilé ń bá ilé sọ̀rọ̀. Síbẹ̀ ìjà ilẹ̀ ti pẹ́ láàárín àwọn ará ìlú méjèèjì, ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní láti kéde kónílé-ó-gbélé níbẹ̀, tó fi dé Erin-Ọ̀ṣun. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, n kò ní fi ìyẹn ṣẹ̀fẹ̀. Ní Somerset, ẹni tó bá kọjá ààlà oko á mọ̀, torí inú omi ló máa bá ara rẹ̀. Èmi fi táyà wá ààlà ìlú méjèèjì yìí, n kò rí i. Kòtò tibí àti kòtò tọ̀hún, ìwọ̀n kan náà ni. Bàbá tí mo dọ̀bálẹ̀ fún ní Ìfọ́n sì wo kẹ̀kẹ́ mi, ó mi orí, ó fi ohùn tí wọ́n fi bi mí ní Ìlobùú bi mí léèrè mọ́tò. Àwọn tó ń jà nítorí ilẹ̀ fi ohùn kan bá mi kẹ́dùn.

Mo ti gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Ní Bridgwater, mo lè gun kẹ̀kẹ́ títí irun mi á fi funfun, ẹnikẹ́ni ò ní bi mí léèrè mọ́tò, torí kò sí ẹni tí àìní mọ́tò mi máa kó ìtìjú bá. Ẹni tó bá bi ọ́ pé "Mọ́tò ńkọ́?", ó ti kà ọ́ mọ́ ara rẹ̀ kó tó la ẹnu.

Ẹbí mi pàápàá ṣe jù bẹ́ẹ̀. Bàbá mi kékeré pe ìpàdé, ó ní ọmọ tó lọ sókè òkun tó wá ń fẹsẹ̀ wa kẹ̀kẹ́, ó yẹ kí á dáwó ra tòkunbọ̀ kan fún un, bó ti wù kó kéré mọ. Owó ti ń jáde lápò kí n tó rí ọ̀nà sọ̀rọ̀. Mo ní wọn kò ní láti ṣe wàhálà, pé kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe ti ìṣẹ́, pé pọ́n-ùn 1,500 ni mo rà á. Àbúrò mi ṣí fóònù, ó ṣírò rẹ̀ sí náírà, ó ní ó tó mílíọ̀nù mẹ́ta. Ilé pa lọ́lọ́. Bàbá mi kékeré kó owó tó wà níwájú rẹ̀, ó ń dá a padà fún olówó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Ẹ má dáwó mọ́. Ààwẹ̀ ni ká gbà."